Ẹ̀rọ Ìgékoríko Bàbá àti Koríko Iwájú Ilé Ìyá

Aago mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, òwúrọ̀ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, ni èmi àti Ìyá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé wa ní Òdìgbò, tí a ò sì rí koríko kankan níbẹ̀ mọ́.

Mo kọ́kọ́ rò pé ọlọ́kadà já wa sílẹ̀ síwájú ilé ẹlòmíràn. Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀. Ilé wa ni lóòótọ́. Ìlẹ̀kùn onírin tí Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ jó wà níbẹ̀, àwo omi adìyẹ wà lábẹ́ fèrèsé. Ṣùgbọ́n ibi tí koríko tútù ti máa ń tẹ́ lọ láti ẹnu ọ̀nà títí dé etí gọ́tà ti di ilẹ̀ pupa lásán. Wọ́n ti fi ọkọ́ ro ó, wọ́n ti ṣa gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n sì ti gbá a títí ojú ọwọ̀ fi hàn lórí ilẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn fi òòyà ya irun. Koríko tí wọ́n hú wà lókìtì lẹ́bàá gọ́tà, oòrùn ti ń pa á.

Ìyá sún mọ́ etí ilẹ̀ náà. Ó gbé àpò gaàrí tí a gbé bọ̀ láti abúlé Omifunfun, níbi tí a sùn mọ́jú, kalẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ náà. Èmi ni àyà mi já. Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ìjayà tó jẹ́. Kì í ṣe ìjayà ẹni tí nǹkan rẹ̀ bàjẹ́, ìjayà ẹni tó mọ̀ pé òun ni wọ́n máa rán láti sọ fún ẹni tó ni nǹkan náà ni.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé, nítorí mo mọ̀ pé ẹni tó bá ń ka èyí lè máa bi ara rẹ̀ pé kí ló ń dun ẹni tí wọ́n bá ro ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá ni ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí mi, Ìyá sì ni ìyàwó rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ṣe girama, ọ̀dọ̀ wọn náà ni mo padà sí nígbà tí mo kúrò ní yunifásítì tí mo sì ṣe agùnbánirọ̀ tán. Ìmọ̀ ìtàn ni mo kà. Mi ò tíì rí iṣẹ́, ó sì ti dé ibi tí ojú máa ń tì mí láti bu oúnjẹ kún oúnjẹ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó wí nǹkan kan.

Bàbá ní ilé-iṣẹ́ ní Ọ̀rẹ̀, lójú ọ̀nà Oǹdó, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ ìgékoríko, irú èyí tí a ń tì lórí táyà tí abẹ rẹ̀ ń yí lábẹ́. Ọkùnrin kan tó ń bójú tó ilé-ìtura tuntun lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ ti gbọ́ nípa rẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀ ní ọjọ́ Ajé láti wá wo bó ṣe ń gé koríko, ó sì ní kí wọ́n kọ ìtàn ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún òun, kí òun lè fi han ọ̀gá òun pé kì í ṣe àná ni wọ́n dá a sílẹ̀. Èmi ni Bàbá gbé ìtàn yẹn fún. Bí ọkùnrin náà bá rà, iṣẹ́ wà nílẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Bí kò bá rà, Bàbá ti sọ pé òun yóò pa ẹ̀rọ ìgékoríko tì, òun yóò gbájú mọ́ géètì àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Koríko iwájú ilé yẹn sì ni ibi tí wọ́n ti ń dán gbogbo ẹ̀rọ wò, ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tó bá fẹ́ rà máa ń dúró sí láti wò ó.

Ibi tí mo ti ń ro èyí ni ẹni tó ṣe é ti yọ láti ojúlé kejì, níbi tí wọ́n tún ti ń ro ilẹ̀. Ìyálóde ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ wa ni, ọkọ́ ṣì wà léjìká rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn.

“Ẹ kú àbọ̀ o, Ìyá. Omifunfun ńkọ́?”

“Wọ́n wà dáadáa.”

“A ní kí iṣẹ́ ti parí kí ẹ tó dé ni. Wọ́n ní orúnkún ni kì í jẹ́ kí ẹ wá sí ìjọ mọ́. Èmi wá sọ fún àwọn ẹgbẹ́ pé àánú yín ń ṣe mí. Ẹni tí orúnkún ń dùn, báwo ló ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ro ilẹ̀? Ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká kúkú ni, gbogbo wa la kó ọkọ́ jáde.”

“Ẹ ṣeun,” ni Ìyá wí.

“Ẹ má dúpẹ́. Ṣùgbọ́n koríko yẹn lágídí o. Bí a ṣe ń hú u ló ń fà mọ́ ilẹ̀. Ìyá kan nínú wa tilẹ̀ ń ṣàwàdà pé ó dà bí ẹni pé ẹnì kan gbìn ín.”

“Bàbá ló gbìn ín, mà,” ni mo wí.

Ó wò mí bóyá àwàdà ni èmi náà ń ṣe. Nígbà tó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó rọra sọ ọkọ́ kalẹ̀ láti èjìká.

Bó ṣe jẹ́ pé Bàbá gbin koríko síwájú ilé gan-an ni ìtàn ilé-iṣẹ́ náà, ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí mo ti ń kọ ọ́. Èyí ni mo rí kọ nínú ohun tó sọ fún mi.

Nígbà tí Bàbá wà ní ọ̀dọ́, ilé-iṣẹ́ agégẹdú kan wà nínú igbó nítòsí Ọ̀rẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ń bójú tó o ń gbé nínú ọgbà kan tí koríko tẹ́ sí bí ẹní. Bàbá wà lára àwọn tí wọ́n gbà láti máa fi àdá gé koríko náà. Wọ́n máa ń tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, wọ́n á máa gbé àdá sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kan á sì máa kọrin. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ẹ̀rọ dé. Kò pẹ́ tí wọ́n ní kí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ máa lọ sílé. Òun nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, nítorí òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń fa okùn ẹ́ńjìnnì tó fi máa ń jí. Nígbà tí gẹdú tán nínú igbó tí àwọn òyìnbó kó ẹrù wọn, ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lábẹ́ igi. Bàbá gbé e.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní, “Nǹkan yẹn ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi. Mo ní ó yẹ kí n ṣí inú rẹ̀ wò.”

Ó ṣí i wò, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe òmíràn. Sípíríǹgì àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ti kú lójú ọ̀nà márosẹ̀ ló fi ń rọ abẹ, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń fa omi ló ń gbé lé e lórí, irin bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ló fi ń ṣe ọwọ́ tí wọ́n fi ń tì í. Ẹ̀rọ náà gé koríko dáadáa. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ní koríko tó fẹ́ tọ́jú. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nílé tiwa, ilé tó dára ni ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ tí wọ́n gbá. Bí koríko bá wà níwájú ilé rẹ, nínú ohun mẹ́ta, ó jẹ́ ọ̀kan: o ń ṣàìsàn, o ti kó lọ, tàbí o jẹ́ ọ̀lẹ. Ejò ló sì máa ń kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́.

Bàbá gbé ẹ̀rọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò yípo, ó yìn ín, ó wá ní, “Bí èyí bá gé pápá tán, kí ni àwọn tó ń pẹ́ dé yóò máa gé?” Bàbá ní òun ti ẹ̀rọ òun padà sílé.

Ìjọ aláṣọ funfun kan ló kọ́kọ́ rà á. Wọn kì í wọ bàtà nínú ọgbà wọn, bẹ́ẹ̀ ni kùkùté koríko tí àdá bá gé sọ́nà máa ń gún wọn lẹ́sẹ̀ bí abẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ Bàbá gé e dọ́gba. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ilẹ̀ mímọ́ ni, ẹni tó bá máa ti ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà. Ẹsẹ̀ lásán lẹ́yìn abẹ tó ń yí! Bàbá padà sí Ọ̀rẹ̀, ó jó irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, tó ń wọ́ nílẹ̀ bí ìbàǹtẹ́, kí òkúta tàbí abẹ má bàa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tì í. Títí di òní, kò sí ẹ̀rọ tó ń jáde ní ilé-iṣẹ́ náà tí kò ní ìbàǹtẹ́ yẹn, àwọn tó wọ bàtà ń jẹ ọlá àwọn tí kò wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, àgbẹ̀ àjèjì kan tó ń dáko kòkó ní Ajue wá, ó ní òun fẹ́ èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè gba abẹ́ kòkó kọjá. Bàbá ṣe ìyẹn náà. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ṣe ń tàn.

Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó ra ẹ̀rọ ìgékoríko, ó fẹ́ rí koríko tí ó gé. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi lọ sí ọgbà àwọn agégẹdú tó ti di ahoro, tó hú koríko kúkúrú tó máa ń rákò lórí ilẹ̀ náà, tó wá gbìn ín síwájú ilé rẹ̀ ní Òdìgbò. Nínú ìtàn tí mo kọ, gbólóhùn kan péré ni mo fi sọ ọ́: “Ilé-iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ tirẹ̀ tí wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ wò.” Inú mi dùn sí gbólóhùn yẹn nígbà tí mo kọ ọ́. Mo rò pé ó dún bí ti ilé-iṣẹ́ ńlá.

Mo pe Bàbá lórí fóònù. Ó wà ní Ọ̀rẹ̀ láti àná, níbi tó ti ń kun ẹ̀rọ tí ó fẹ́ fi han ọkùnrin ilé-ìtura. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́, mo kàn ní kó máa bọ̀, pé nǹkan kan ṣe iwájú ilé. Nígbà tó dé, àwọn ìyá ẹgbẹ́ ti pé jọ sábẹ́ òrùlé, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ta ló kú?” ni ó bi wá.

“Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá,” ni Ìyálóde wí, ó sì kúnlẹ̀. “Àwa la ṣe é. A máa ń rí i tí ẹ ń gé e, a ò mọ̀ pé ẹ gbìn ín ni. A rò pé à ń ṣoore.”

“Ẹ dìde, ẹ dìde. Oore náà ni.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú gbòǹgbò kan nínú òkìtì, ó fọwọ́ nu iyẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀. “Ọjọ́ Ajé ni ọkùnrin yẹn ń bọ̀. Kí ni ẹ̀rọ máa wá gé? Àbí kó gé irun orí mi?”

Ìyá kan láti ẹ̀yìn ní, “Bàbá, ìyẹn náà ò pọ̀ tó.”

Ẹ̀rín pa wá, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kò ju gbòǹgbò náà sílẹ̀. Mo ń wo ọwọ́ yẹn nìkan. Mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí nǹkan bá bà mí lẹ́rù, mo máa ń wá ibì kan nínú ara èèyàn tí mo ti lè mọ òótọ́.

A bẹ̀rẹ̀ sí í wá koríko. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Igbó pọ̀ ní Òdìgbò, ibi tí ẹ bá yíjú sí, igbó ni. Ṣùgbọ́n igbó kì í ṣe koríko. Bí wọ́n bá ti ẹ̀rọ yẹn wọ inú igbó, igi á dá a dúró, ọkùnrin náà á sì ní kò dára. Koríko tó mọ níwọ̀n la fẹ́. Mo sáré dé pápá ilé-ẹ̀kọ́, àwọn tó pẹ́ dé ti gé e lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n gé e bí ẹni tí inú ń bí. Mo padà wá bi àwọn ìyá ẹgbẹ́ pé ṣé koríko wà nílé ẹnikẹ́ni.

Ẹ ò rí bí ojú wọn ṣe yí padà. “Nílé tèmi?” ni ọ̀kan wí. “Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?” Èkejì ní ilẹ̀ ilé òun mọ́ débi pé bí abẹ́rẹ́ bá já bọ́, èèyàn á rí i. Ìyálóde pàápàá mirí, ó ní láti ìgbà tí òun ti wọlé ọkọ, koríko kò tíì hù lẹ́yìnkùlé òun rí. Bẹ́ẹ̀ ni a tú ká.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Ìyálóde fà mí lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ọmọ mi, o mọ̀ pé àgbà ni mí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“O mọ̀ pé iṣẹ́ ẹgbẹ́ kì í jẹ́ kí n rójú.”

“Mo mọ̀, mà.”

“Ó lè jẹ́ pé nǹkan díẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ìdáná mi.” Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Díẹ̀ ni o. Kó má dé etí ẹgbẹ́.”

Mo ṣèlérí. Mi ò tíì dé ẹnu géètì tí ìyá tó sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ fi bá mi, tó ní ó lè jẹ́ pé díẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga òun. Kí n tó délé, ẹlòmíràn tún dá mi dúró. Mo ń rìn lọ, ẹkún àti ẹ̀rín ń gbé mi lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí àwọn ìyá wọ̀nyí ló ti ń sọ̀rọ̀ Ìyá tipẹ́. Ìyá Onígbó ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Ìyá náà mọ̀.

Ti Ìyálóde ló dára jù, a sì mú un. Díẹ̀ tó pè é kì í ṣe díẹ̀ rárá, ó kàn mí lórúnkún. Lọ́jọ́ Ajé, ọkùnrin ilé-ìtura dé, ọkùnrin tó mọ́ra ni, ó ń sọ Yorùbá àwọn ará Èkó. Bàbá fa okùn, ẹ́ńjìnnì jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Koríko ń dùbúlẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, òórùn rẹ̀ tútù. Mo rántí pé mo ń gbàdúrà, àdúrà náà kò sì ní ọ̀rọ̀, “jọ̀wọ́” nìkan ni mo ń wí. Ó kù díẹ̀ kó parí ni abẹ kọlu nǹkan kan, ó ké gàn-ín, nǹkan náà fò sẹ́yìn, ó sì gbá ìbàǹtẹ́ onírin náà. Bàbá pa ẹ́ńjìnnì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ṣíbí kan tó ti tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ jáde.

Ìyálóde wo ṣíbí náà títí.

“Ṣíbí yìí,” ni ó wí, “mo ti torí rẹ̀ bá ìyàwó ọmọ mi jà.”

“Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́, mà,” ni ọkùnrin ilé-ìtura wí. Ó gbé ọwọ́ lé ìbàǹtẹ́ náà, ó bi Bàbá pé ta ló ronú irú èyí. Bàbá sọ ti ìjọ aláṣọ funfun fún un. Ó tẹ́tí dáadáa, ó sì ní àwọn ẹ̀rọ òkèèrè tí òun ti rí, ọ̀pọ̀ ni kò ní irin tó nípọn báyìí.

Mo ti ń rò pé ó parí sí dáadáa. Ó wá bi wá pé níbo ni koríko tó wà nínú fọ́tò tí a fi ránṣẹ́ sí òun, èyí tó tẹ́ bí ẹní, wà, nítorí òun fẹ́ rí ilẹ̀ tí ẹ̀rọ ti ń gé fún ọjọ́ pípẹ́. Bàbá kì í purọ́. Ó mú un wá sílé. A bá Ìyá níwájú ilé, ó ń fi ọwọ̀ gbá ilẹ̀ pupa náà, ó ń gbá a díẹ̀díẹ̀ nítorí orúnkún rẹ̀. Bàbá ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní òun á mú ẹ̀rọ kan lọ ná. Tí ìgbà òjò bá parí tí ilé-ìtura bá fẹ́ ṣí, òun yóò mú ọ̀gá òun wá. Bí ọ̀gá bá rí koríko yẹn níbí bó ṣe wà nínú fọ́tò, wọ́n á mú ìyókù. Ó ní, “Bàbá, ẹni tó bá fẹ́ ta ẹ̀rọ ìgékoríko fún mi, ó yẹ kí koríko wà nílé tirẹ̀.” Mi ò lè bá a jà. Bó bá jẹ́ èmi ni, ohun tí èmi náà máa sọ nìyẹn.

Nígbà tó lọ tán, Bàbá ní òun á wá gbòǹgbò tuntun, òjò kúkú ti ń rọ̀, kò ní pẹ́ hù. Ìyá gbé ọwọ̀ jókòó sórí àga lábẹ́ òrùlé.

“Bàbá ọmọ mi,” ni ó wí, “ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.”

“Kí ni kó wà bẹ́ẹ̀?”

“Ilẹ̀ yìí.”

Bàbá rò pé ọ̀rọ̀ ejò ni. Ó ní kò sí ejò tó wá rí. Ìyá mirí. Nígbà tó bá ń sọ òótọ́ ọkàn rẹ̀, ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ ló máa ń sọ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ́jọ́ yẹn, mo sì ń kọ ọ́ síbí bó ṣe yé mi.

“Ẹ mọ ilé tí mo ti wá. Nílé wa, ọmọbìnrin kì í kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀ kó tó gbá ilẹ̀. Ẹ mú mi dé ilé tí mi ò rí ilẹ̀ rẹ̀ gbá. Ìyá yín gbé ọkọ́ dé lọ́jọ́ kan, ó ní òun á ràn mí lọ́wọ́, ẹ dá a dúró, ó sì kú láìgbà pé kì í ṣe ọ̀lẹ ni mí. Mi ò rí ibi sá ẹ̀gẹ́ sí. Àwọn èèyàn á kọjá, wọ́n á kí mi, ojú wọn á wà lórí koríko. Mo rò pé ó ti mọ́ mi lára. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Sátidé, mo ń jí, mo ń gbálẹ̀. Tí mo bá gbá a tán, mo máa ń jókòó wò ó.”

“Koríko yẹn ló bọ́ wa,” ni Bàbá wí, kò pariwo.

“Mo mọ̀. Mo jẹ nínú rẹ̀. Mo sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Bàbá yíjú síta. Ó ń wo ilẹ̀ náà bí ẹni tó ń wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó padà sí Ọ̀rẹ̀. Èmi wà láàárín wọn, mo di ìwé ìtàn mi mú, gbogbo ohun tí mo kọ síbẹ̀ sì dà bí ìtàn ẹnì kan ṣoṣo. Ó dùn mí. Mo fẹ́ sọ irú dídùn tó jẹ́: ọ̀dọ̀ Ìyá ni mo ti ń jí láàárọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, èmi náà sì ti kọjá lórí koríko yẹn láìmọye ìgbà, tí mo rò pé koríko lásán ni.

Mo ti kọ apá yẹn kún ìtàn náà báyìí. Bàbá kà á, ó ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ọ̀gá ilé-ìtura kà á pẹ̀lú. Ó gbìyànjú láti wá ibòmíràn fún koríko. Ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ ti mu epo ẹ́ńjìnnì débi pé ohunkóhun kì í hù níbẹ̀. Ìyálóde sì ti ro ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí a gé e, ó ní ìtìjú ẹ̀ẹ̀kan tó. Bàbá kò bínú sí Ìyá. Wọ́n ṣì ń jẹun papọ̀, wọ́n ṣì ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti ń wọn irin géètì.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé òjò rọ̀ gan-an lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ kò ṣa gbogbo gbòǹgbò náà tán. Koríko ti ń yọ orí jáde lẹ́bàá ọ̀nà àbáwọlé, ó tún yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó tutù yọ̀yọ̀. Ọwọ̀ kò lè mú un. Orúnkún Ìyá kò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, ó ti gbé ọkọ́ fún mi, ó ní kí n bá òun ro ó kó tó di púpọ̀. Bàbá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní Ọ̀rẹ̀, ó ní bí ó bá ṣe pé ó hù fúnra rẹ̀, òun kọ́ ló gbìn ín, kí n ṣáà má fọwọ́ kàn án. Mo dá Ìyá lóhùn pé “ó dáa, mà.” Mo dá Bàbá náà lóhùn pé “ó dáa, sà.”

Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ fún Ìyá pé ilẹ̀ ṣì tutù jù, ọkọ́ máa kó ẹrẹ̀. Ó wò mí lánàá, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ àwọn méjèèjì, ohun tí ọ̀kan ń fẹ́ kò sì burú ju ti èkejì lọ, èyí gan-an ni kì í jẹ́ kí n sùn dáadáa. Bí mo bá ro ó, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ ìgékoríko parí sọ́wọ́ mi. Bí mi ò bá ro ó, èmi ni mo gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn tó ti sọ ọ́ síta pé òun ń fẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ̀yin àgbà pàápàá, àti ẹ̀yin tí ẹ ti wà láàárín tọkọtaya tí wọ́n jọ tọ́ yín dàgbà: ọ̀la ni oòrùn máa ràn dáadáa, ilẹ̀ á gbẹ, mi ò sì ní ní àwáwí mọ́. Ṣé kí n gbé ọkọ́ náà ni, àbí kí n gbé e kọ́? Àbí ọ̀nà kan wà tí ojú mi ò tíì tó? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.